Bí mo ṣe ń gbé ìpàdé London wá sí kíláàsì SS2

Ẹ̀yin tíṣà Government ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ọ̀sẹ̀ tí ojú àwọn ọmọ máa ń kú: ọ̀sẹ̀ Macpherson àti Lyttelton, ìwé òfin 1951 àti 1954 tí òyìnbó fi ṣàkóso Nàìjíríà. Wọ́n á há ọdún sórí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Èmi náà há a sórí nígbà tèmi. Ní Òṣogbo níbí, mo ń fi ìpàdé London 1953, níbi tí àwọn aṣáájú wa àti òyìnbó ti jókòó lórí ìwé òfin tuntun, ṣe eré báyìí, pírẹ́ẹ̀dì méjì tó tẹ̀ léra ló sì ń gbà.

Ẹ pín kíláàsì sí mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yàn fúnra wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo ní kí kálukú lọ síbi tó wù ú. Gbogbo wọn fẹ́ ṣe Awólọ́wọ̀. Ẹni mẹ́ta ló kù fún Àríwá, ọ̀kan nínú wọn sì ń sunkún. Rẹ́jísítà ni mo ń tẹ̀ lé báyìí: Àríwá, Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn, àtàwọn ẹ̀yà kéékèèké, tí mo ń pè ní ará ojú fèrèsé. Èmi fúnra mi ni Lyttelton, mínísítà òyìnbó tó ń darí ìjókòó.

Ẹ kó àga méjìlá síwájú. Àríwá, mẹ́fà, Ìwọ̀-Oòrùn, mẹ́ta, Ìlà-Oòrùn, mẹ́ta. Wọ́n á pariwo pé ìrẹ́jẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo dáadáa kí ẹ tó sọ fún wọn pé ní ìpàdé Ìbàdàn, January 1950, Ẹ́míà Zaria àti ti Katsina sọ pé bí Àríwá ò bá gba ìdajì, kí kálukú padà sí bó ṣe wà kó tó di 1914, ọdún tí wọ́n da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù. Wọ́n fún wọn: àga 68 nínú 136 ní ilé aṣòfin, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba 34, 34.

Káàdì ló kàn. Iwájú: ohun tí a ò lè fi sílẹ̀. Ẹ̀yìn: ohun tí a lè fi gba nǹkan. Kí ẹgbẹ́ kan má rí ti èkejì o. Àríwá kò fẹ́ gbọ́ òmìnira ní 1956 rárá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọmọ Gúúsù tó ti kàwé ló máa gba gbogbo iṣẹ́ ìjọba. Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ òmìnira ní 1956, wọ́n fẹ́ kí Èkó wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí owó kòkó wọn máa wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ìlà-Oòrùn náà fẹ́ 1956, ṣùgbọ́n Azikiwe, aṣáájú wọn, ní Èkó ti gbogbo wa ni. Mo máa ń gbé kòkó, ẹ̀pà àti èkùrọ́ sórí tábìlì kálukú. Ẹ̀pà kì í dé ìparí pírẹ́ẹ̀dì.

Ẹ fi ọjọ́ 31 March 1953 ṣí i, nígbà tí Enahoro, aṣòfin láti ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, dá àbá 1956, tí Ahmadu Bello, aṣáájú Àríwá, ní kí wọ́n kọ ọ́ pé “nígbà tó bá ti lè ṣeé ṣe.” Ẹ sọ ariwo tí àwọn ará Èkó pa lé àwọn aṣojú Àríwá lórí, àti ìjà Kano tó tẹ̀ lé e ní May. Ọmọ tí kò bá gbọ́ èyí kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ lọ jókòó ní London.

Ibi tó dùn jù rèé, ẹ má kánjú. Ọ̀rọ̀ 1956 á dè pinpin. Ẹ dákẹ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, ọmọ kan á sọ ọ́ láìmọ̀: “Ẹni tó fẹ́ lọ kó máa lọ, ẹni tí kò fẹ́ kó dúró.” Ohun tí àwọn bàbá yẹn ṣe gan-an nìyẹn. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara wọn ní 8 August 1957. Àríwá dúró di 15 March 1959.

Ti Èkó kò ní tán. Ẹ dìde bíi Lyttelton, kí ẹ gé e kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Mo máa ń ya káàdì wọn sí méjì lójú wọn. Èmi ọmọ Yorùbá, ó ṣì máa ń dùn mí.

Àwọn ará ojú fèrèsé ńkọ́? Calabar, Rivers, Middle Belt, Mid-West. Ẹ má fún wọn ní àga títí pírẹ́ẹ̀dì á fi kù díẹ̀. Ẹ wá pe ọmọ kan ní Willink, òyìnbó tó darí ìgbìmọ̀ ìwádìí 1957 lórí àwọn ẹ̀yà kéékèèké, kó lọ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Ojú ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú ìwé òfin ni wọ́n gbà. Kó tó di 1967, Mid-West nìkan ló rí tirẹ̀ gbà, ní 1963.

Kí agogo tó lù, kí kálukú kọ ohun tó fi sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan lójú fèrèsé kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá pé: “Kò sí. Wọn ò bi wá.” Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹ ka káàdì yín kí wọ́n tó jáde o, wọ́n máa ń kó o lọ.