Bí mo ṣe tún kíbọ́ọ̀dù tò kó lè bá ọwọ́ mi mu

Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n, nítorí náà bí mo bá tẹ "a" kan, bíi mẹ́rin ló ń jáde. Ìyẹn tilẹ̀ ṣeé fara dà. Èyí tó le jù ni títẹ Ctrl, Alt àti Delete pa pọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀wé.

Windows 11 ni mo ń lò. Mo ṣí Settings, mo wọ Accessibility, mo tẹ Keyboard. Sticky keys ni mo kọ́kọ́ tàn. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè tẹ Ctrl, kí ẹ gbé ìka kúrò, kí ẹ tó wá tẹ C. Kọ̀ǹpútà á kà á sí pé ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ ni. Bí ẹ bá tẹ Shift lẹ́ẹ̀mejì léra, á dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi tún tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Sticky keys fúnra rẹ̀ lè kú. Ibi tí wọ́n ti ń dá ìyẹn dúró wà lójú ewé kan náà, mo sì dá a dúró kíá.

Filter keys, tó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fojú fo títẹ̀ tó yá jù tàbí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ló yanjú lẹ́tà tó ń tún ara rẹ̀ tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àkókò tí ẹ yàn pé kí kọ̀ǹpútà dúró kó tó gba lẹ́tà gùn jù o, torí lẹ́tà kankan ò ní jáde àfi tí ẹ bá di bọ́tìnì mú pẹ́. Bó bá sì ṣàdédé tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ di Shift apá ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8. Ọ̀nà àbùjá rẹ̀ nìyẹn.