Bí mo ṣe wá ojútùú sí ọrùn ọwọ́ tó ń dun àwọn tí mò ń kọ́ ní yóga

Tí a bá ń ṣe ìdúró yóga tí èèyàn ti máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ gbé ara ró, ẹ̀sùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ ṣáá: "Tíṣà, ọrùn ọwọ́ ń dùn mí." Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí èmi náà ń kọ́ yóga ni mò ń sọ fún wọn, pé kí wọ́n fara dà á. Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, torí ẹnì kan nínú wọn kò padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mi ò bá wọn ṣe ìdúró náà. Mo kàn tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn lórí ẹní. Ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́, lápá ọrùn ọwọ́, ló ń gbé gbogbo ìwúwo; ìdí àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti gbé kúrò nílẹ̀, bébà á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Mo ní kí wọ́n ya ìka dáadáa, kí wọ́n fi ìdí ìka méjèèjì yẹn tẹ ilẹ̀, kí orí ìka sì di ẹní mú díẹ̀. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ tó dígírì 90, mo ká tówẹ̀ẹ̀lì sí i lábẹ́ ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́. Iyengar, olùkọ́ yóga ará Íńdíà, wà lára àwọn tó sọ irú àtìlẹ́yìn báyìí di mímọ̀ káàkiri. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ti aláìlera ni. Ẹni tó bá ṣì ń dùn, ìgbọ̀nwọ́ ni kó fi lélẹ̀. Bí ọwọ́ bá wú, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní báyìí, mo máa ń rìn láàárín wọn ni, ọwọ́ ni mo sì kọ́kọ́ ń wò.