Bẹ́ẹ ṣe máa kọ́ ẹsẹ̀ Kathak tí ò fi ní dàrú mọ́ yín lẹ́sẹ̀

Nínú Kathak, ijó àwọn ará àríwá Íńdíà, ti ìlú Lucknow yàtọ̀ sí ti Jaipur, ti Banaras náà sì dá dúró, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: tatkar, ìyẹn fífi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró ṣánṣán, orúnkún á nà àmọ́ kò gbọdọ̀ le gbagidi. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì gbé e sókè jù. Ilẹ̀ pákó ló dáa jù, torí sìmẹ́ǹtì ń dá orúnkún lóró, kápẹ́ẹ̀tì ò sì ní jẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Tí ò bá sí, ẹ ra páálí pákó kan kẹ́ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tó.

Ẹnu ló ṣáájú ẹsẹ̀ o. Teental, ìyẹn ìlù kan tó ń yí po, ni kẹ́ẹ mú, kíkà 16 ló ní, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ẹ pàtẹ́wọ́ lórí 1, 5 àti 13, tó bá kan 9 ẹ kàn na ọwọ́ síta. 1 yẹn ni wọ́n ń pè ní sam, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa ń padà sí. Ẹ wá máa pè é: ta thei thei tat, aa thei thei tat. Lẹ́ẹ̀mejì, 16 ti pé. Birju Maharaj, ọ̀gá ijó Lucknow tó kú ní 2022, máa ń pe tiẹ̀ sí etí èrò kó tó jó o, torí náà kò sẹ́ni tó kọjá ẹ̀. Ohun tẹ́nu ò bá lè pè, ẹsẹ̀ ò lè jó o.

Ẹsẹ̀ nìyí: ọ̀tún òsì ọ̀tún òsì, òsì ọ̀tún òsì ọ̀tún.

Ẹ tún un kà. Òsì tó lu tat náà ló tún máa lu aa, tẹ́ẹ bá sì ń bẹ̀rẹ̀ padà, ọ̀tún tó parí ẹ̀ náà ló máa lu ta. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Tí wọ́n bá rọra ń jó o, wọ́n á ṣe é dáadáa, kó kàn yá díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ara ẹ̀ bí ẹni ń rìn lọ sọ́jà, etí ò sì ní tètè mú u torí ìró ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yípo ni wọ́n á rí i pé ẹsẹ̀ tí ò yẹ ni wọ́n dúró lé. Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n ju gbogbo ara lé òsì nígbà tat. Ẹ fi ara sílẹ̀ lórí ọ̀tún, kí òsì kàn lu ilẹ̀ kó sì gbéra kíá, lẹ́yìn aa lẹ tó máa gbé ara lé e. Ẹ jó ibẹ̀ nìkan, tat aa, tat aa, títí kẹ́ẹ má fi ronú sí i mọ́.

Dugun ló kàn, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì lórí kíkà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ló ń yá o, kì í ṣe ìlù! Ẹ wa áàpù tábìlà, ìlù àwọn ará Íńdíà, sórí fóònù, ẹ fi sí kíkà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Tatkar tó wọ 16 lẹ́ẹ̀mejì á wá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, tó bá di chaugun, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí kíkà kan, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ má fo dugun lọ sí chaugun.

Ṣaworo ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ghungroo, ẹ jẹ́ kí dugun mọ́ kẹ́ẹ tó so ó, torí ariwo ẹ̀ máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́ okùn òwú ni kẹ́ẹ rà, 50 lẹ́sẹ̀ kan tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ń so 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ kókùn má bàa bó yín lára.

Tihai lẹ máa fi parí ẹ̀: ta thei thei tat thei, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ kan lórí kíkà kan ni, orí 3 ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, thei ìkẹyìn á bọ́ sórí sam géérégé. Tí ò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ má fa ẹsẹ̀ kó lè bá a, ẹ dúró, kẹ́ẹ padà lọ fi ẹnu àti ọwọ́ kà á.