Tréníìnì nínú Hattrick: kí ló dé tí àwọn ọmọ tí mo rà ò gòkè?

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin máníjà. Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mí lórí Hattrick ti pọ̀, ibi kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì ń já sí, mo wá ní kí n kúkú kó wọn jọ kí n dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, géèmù máníjà bọ́ọ̀lù ni, Swídìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1997, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń ṣe é. O ò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan fúnra ẹ, ìwọ lo máa to tíìmù, ra èèyàn, ta èèyàn, kó o sì sọ ohun tí wọ́n máa kọ́. Géèmù onísùúrù ni: ọ̀sẹ̀ 16 ni sáà kan, tréníìnì sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, torí náà tó o bá ṣe àṣìṣe, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló gbé lọ yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti gbé tréníìnì sí Playmaking (bí wọ́n ṣe ń darí eré láàárín pápá), intensity (bí tréníìnì ṣe le tó) wà ní 100%, mo ra agbábọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 17 méjì, owó tí mo ná lé wọn ò kéré. Ọ̀kan ti kúrò ní ìpele passable ó ti di solid tó tẹ̀ lé e, èkejì ṣì wà lójú kan. Ṣé kóòṣì mi ni ò dáa ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi kóòṣì sílẹ̀ ná, ṣebí kóòṣì kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì. Mo wo lineup (bó o ṣe to tíìmù) ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó o fi ránṣẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó gòkè yẹn, inner midfielder (ẹni tó ń gbá àárín pápá) ló ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 90 gbáko. Èkejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lo fi sí wíńgà torí pé wíńgà ẹ farapa, ọ̀sẹ̀ kan o mú un wọlé sí àárín ní ìṣẹ́jú 70, ọ̀sẹ̀ kan péré ló dúró sí àárín fún 90. Bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ Playmaking lò ń kọ́ wọn, inner midfielder nìkan ló ń jẹ ẹ́ yó, wíńgà ń rí ìlàjì, dìfẹ́ńdà àti sítíráíkà ò rí nǹkan gidi kan. Ká ṣírò ẹ̀ báyìí: wíńgà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú 20 yẹn ò tó ìdá mẹ́rin ọ̀sẹ̀, ká wá fi ọ̀sẹ̀ kan tó pé kún un, gbogbo ẹ̀ ò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀. Ọmọ yẹn ò ya ọ̀lẹ o, ìwọ lo fi ebi pa á.

Ibi tí ọmọ dúró sí lórí pápá àti iye ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀, òun ni kó o máa ṣọ́. Tí ẹnì kan bá gbá 60 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, o ṣì lè fún un ní 30 nínú èkejì lọ́sẹ̀ kan náà kó lè pé 90, ṣùgbọ́n tó bá ti pé 90, èyí tó bá lé ò wúlò fún tréníìnì mọ́. Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé tó o bá ní kí inner midfielder yẹn máa ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́, kò sí wàhálà, inner midfielder náà ló ṣì jẹ́.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé àwọn kan ń kọ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo? Tèmi ò ju mẹ́ta lọ, àárín ò sì gbà ju mẹ́ta lọ.

Ìdáhùn: Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ló wà lọ́sẹ̀ kan, ọ̀kan lo ń lò. Bí tèmi ṣe ń lọ rèé: láàárín ọ̀sẹ̀, yálà cup ni o tàbí ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, mo máa kó ọmọ mẹ́ta sí àárín, mo máa fi méjì sí wíńgà kí wọ́n máa jẹ ìlàjì tiwọn. Tó bá di líìgì òpin ọ̀sẹ̀, ọmọ mẹ́ta mìíràn ló ń lọ sí àárín, àwọn tó ti gbó díẹ̀ torí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n lù wá ní líìgì. Mẹ́fà nìyẹn tó jẹ ẹ́ yó, tá a bá sì ka wíńgà méjì mìíràn ti líìgì kún un, wíńgà mẹ́rin ló jẹ ìlàjì. Mo ní bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo fa ìlà sáàárín ẹ̀, orúkọ mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, tí ẹnì kan bá ti gbá 90 ẹ̀ tán mo máa fi bírò pa á, orúkọ tí mi ò bá tíì pa lọ́jọ́ tí update (ìgbà tí tréníìnì ọ̀sẹ̀ ń wọlé) ń bọ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti ṣe é tì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ni ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ yìí. Kò ní wá bá ẹ fúnra ẹ̀ o, ìwọ lo máa pe tíìmù mìíràn kí wọ́n sì gbà. Gbàrà tí wọ́n bá ti lé ẹ kúrò nínú cup, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o ti wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti gbàgbé ẹ̀ rí, ọmọ mẹ́ta jókòó lásán, mo sì ń sanwó wọn, ó dùn mí dọ́jọ́ òní.

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi kì í fẹ́ ṣe ojúsàájú, lọ́sẹ̀ yìí mo máa kọ́ Defending, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Scoring, èyí tó tẹ̀ lé e Passing, kí gbogbo wọn lè rí nǹkan jẹ. Sáà kan ti parí, ẹnì kan ò gòkè. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún o, ẹ má fi èdè géèmù kó mi láyà jẹ.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, òtítọ́ ni mo máa sọ: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, mẹ́ta lẹ̀yin sì ń lé. Èyí táwọn ọmọ yín ti kọ́ ò dànù, ó ṣì wà lára wọn, kìkì pé géèmù ò ń fi hàn yín bó ṣe kù díẹ̀ sí, ọjọ́ tó bá kún lẹ máa rí i. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń bu omi díẹ̀díẹ̀ sínú kòròbà mẹ́ta, èwo ló máa kún? Ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ dì í mú fún sáà méjì ó kéré tán.

Èwo lẹ máa mú? Ẹ wo iye ààyè tó wà. Goalkeeping yára gan-an, àmọ́ aṣọ́lé kan ṣoṣo ló ń wọ pápá, méjì péré lẹ máa kọ́ lọ́sẹ̀. Scoring, sítíráíkà mẹ́ta ni, mẹ́fà lọ́sẹ̀. Defending máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gòkè, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá to dìfẹ́ńdà márùn-ún, mẹ́wàá lẹ kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ tíìmù yín ò ní máa jẹ góòlù ṣáá. Fún ẹni bíi tiyín tí ò fẹ́ wàhálà púpọ̀, Defending ni mo máa fọwọ́ sí. Nǹkan kan tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ohun tó bá wà ní sẹ́tìn nígbà tí update bá wọlé ni géèmù máa lò, kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sùn.

Ìbéèrè: Stamina ńkọ́? Ó ti ń rẹ̀ wọ́n ní ìlàjì kejì.

Ìdáhùn: Gbé stamina share (ìdá tréníìnì tó ń lọ sí okun wọn) sókè díẹ̀, àmọ́ mọ̀ pé inú tréníìnì yẹn náà lo ti ń bù ú. Èmi ò kì í kọjá 15%.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n ta ọmọ tí mo ti kọ́?

Ìdáhùn: Ọjọ́ 112 ni ọdún kan nínú Hattrick, ìyẹn sáà kan. Ọmọ ọdún 17 tó o rà lónìí, sáà mẹ́ta sí i ó ti di 20, bó sì ṣe ń dàgbà ni ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún un, bí skill ṣe ń ga sí i náà ni ọ̀sẹ̀ tó ń gbà ń pọ̀ sí i, owó oṣù ẹ̀ sì ń wú. Èmi máa ń wo méjì pọ̀: tí owó oṣù bá ti ń ká mi lára, tí ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì ti nílò ààyè, mo máa tà á lọ́sẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, torí pé orúkọ ìpele tuntun yẹn làwọn olùrà ń wá. Bí mo ṣe ta ọmọ ọdún 20 kan nìyẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele outstanding, owó ẹ̀ ni mo fi ra ọmọ ọdún 17 méjì. Orúkọ wọn ti wà lórí bébà, ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ pápá.