Bí mo ṣe fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wá ìdí tí làpálàpá fi ń rí bí òrùka

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí làpálàpá lára ọmọdé mọ̀ bí ó ṣe ń rí. Etí rẹ̀ á pọ́n, á wú díẹ̀, á sì máa yún ọmọ náà, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ á mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé nǹkan kan kò ṣe ibẹ̀ rí. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni òrùka náà ń fẹ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí àárín fi ń sàn nígbà tí etí ṣì ń ràn. Ìṣirò ni mo ń kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo yìí mú mi gba inú ẹ̀kọ́ mẹ́ta kọjá: ẹ̀kọ́ nípa bí awọ ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀, físíìsì oníṣirò, àti tíọ́rì kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àti sùúrù lè tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ti mú ìwé àti bírò lọ́wọ́ láti kọ ìdọ́gba sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Àbúrò mi, fi ìdọ́gba sílẹ̀ ná. Lọ kọ́ ohun tí olu yẹn ń jẹ, kí o tó máa ṣírò bí ó ṣe ń rìn." Ìmọ̀ràn yẹn ni ó tún iṣẹ́ náà ṣe fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Olu tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa làpálàpá. Trichophyton àti Microsporum wà lára àwọn ìdílé rẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ ni keratin, èyí tí ó wà nínú awọ òkè pátápátá tí ó ti kú, nínú irun àti nínú èékánná. Kì í sábà wọ inú ẹran ara tí ó wà láàyè. Èyí túmọ̀ sí pé orí ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ́lẹ́ gan-an ni ó ti ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀, nítorí náà mo lè ṣírò rẹ̀ lórí ìbú àti òró nìkan, kí n má sì da ìjìnlẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá ti gbàgbé èyí, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà mi ì bá ṣe yóò ju agbára rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ awọ tí ó ti kú yẹn ni àwọn olùṣọ́ wà. Ní ọdún 1868, Paul Langerhans, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin nígbà náà, fi èròjà wúrà pa awọ ara láró, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ó ní ẹ̀ka bí igi. Ó rò pé ara iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn onímọ̀ tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ààbò ni wọ́n, tí wọ́n ń gbá àjèjì mú, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí àwọn kókó tí ó wà ní abíyá, ọrùn àti ìtan, kí wọ́n lè fi hàn àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tí ń dá àjèjì mọ̀. Àwọn kan lára sẹ́ẹ̀lì T wọ̀nyí ń tú èròjà tí a ń pè ní IL-17 jáde. Èròjà yìí ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wá sí ojú ìjà, ara wíwú sì tún ń mú kí awọ òkè máa yára pààrọ̀ ara rẹ̀. Nínú awọ tí ó dá ṣáṣá, ìpààrọ̀ yìí máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, èépá tí ó ń bọ́ ń gbé olu lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ètò yìí ṣe pàtàkì, kí ó wo ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 nípa àwọn ẹbí kan ní Àríwá Áfíríkà tí wọ́n jogún àbùkù nínú CARD9, jíìnì tí ara nílò láti fi bá olu jà: olu tí ó yẹ kí ó dúró sí orí awọ wọ inú ara wọn lọ, ó sì pa díẹ̀ lára wọn.

Kókó tí mo mú kúrò nínú gbogbo èyí ni pé ààbò tí ara ń kọ́ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ń kọjá láàárín ìgbà tí olu dé ibì kan àti ìgbà tí ogun ara dé ibẹ̀. Mo fura pé inú àlàfo yẹn ni òrùka ti ń wá, mo sì gbé gbogbo àwòṣe mi, ìyẹn àfarawé àrùn náà nínú ìṣirò, lé e lórí.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni mo kọ́kọ́ gbà. Láti àwọn ọdún 1940 ni John von Neumann àti Stanislaw Ulam ti ń ronú nípa pátákó tí a pín sí ilé kéékèèké, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń yí ipò padà nípa wíwo àwọn aládùúgbò rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1978, Greenberg àti Hastings gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó bá ohun tí mò ń wá mu. Ipò mẹ́ta ni ilé kan lè wà: ó lè wà ní àlàáfíà, ó lè ní àrùn, ó sì lè wà nínú ìsinmi tí àrùn kò fi lè tún mú un. Ilé tí ó wà ní àlàáfíà yóò kó àrùn bí aládùúgbò rẹ̀ kan bá ní i. Lẹ́yìn àrùn, ìsinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, àlàáfíà. Bí iná ìgbẹ́ ọyẹ́ ṣe ń jó lọ síwájú tí kò sì lè padà sórí eérú tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni òfin yìí ń ṣe. Mo kọ ọ́ ní Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ìlà rẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Òrùka jáde lóòótọ́. Nígbà tí mo fi àmì àrùn sí ojú méjì, òrùka méjèèjì pàdé, ibi tí wọ́n ti pàdé sì parẹ́, ó ku etí kan ṣoṣo tí ó rí kọ́lọkọ̀lọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i nígbà tí làpálàpá méjì bá so pọ̀ lára ènìyàn.

Àbùkù ńlá kan wà nínú ọ̀nà yìí: òrùka náà kì í rí róbótó. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní aládùúgbò mẹ́rin, onígun mẹ́rin tí ó fi igun dúró ni yóò jáde. Bí aládùúgbò bá jẹ́ mẹ́jọ, onígun mẹ́rin tí ó jókòó pẹ̀sẹ̀ ni. Pátákó ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe awọ ara. Ohun mìíràn tún wà tí tíọ́rì kọ̀ǹpútà kọ́ mi, tí mo sì kà sí pàtàkì ju àbùkù yẹn lọ. Kì í ṣe gbogbo òfin pátákó ni a lè sọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ṣáájú. Òfin kan wà tí a ń pè ní Rule 110, orí ìlà kan ṣoṣo ni ó ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rí tí Matthew Cook tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé ó lè ṣe ìṣirò èyíkéyìí tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Iṣẹ́ tí Alan Turing ṣe ní ọdún 1936 sì ti jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí ọ̀nà kan tí ó kárí gbogbo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò dúró tàbí kò ní dúró. Nítorí náà, mo pinnu pé n kò ní máa fi òfin kún òfin títí àwòrán yóò fi dára lójú, nítorí pé àwọn òfin bẹ́ẹ̀ lè di ohun tí n kò ní lè ṣàlàyé mọ́. Mo fẹ́ ohun tí mo lè fi bírò ṣírò ìdáhùn rẹ̀, kí n wá fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí físíìsì oníṣirò ti gbà mí nìyẹn. Ní ọdún 1937, R. A. Fisher ní Ìlú Ọba, àti Kolmogorov, Petrovsky àti Piskunov ní Rọ́ṣíà, kọ ìdọ́gba kan náà láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe é, nípa ohun tí ó ń bí sí i tí ó sì ń tàn káàkiri. Bí a bá pe ìyára bíbí sí i ní r, tí a sì pe agbára títàn ní D, etí ohun náà yóò máa rìn ní ìyára tí kò ju ìlọ́po méjì gbòǹgbò (r ìlọ́po D) lọ. Mo mú D sí 0.1 mìlímítà onígun mẹ́rin lójúmọ́, mo sì mú r sí 0.4 lójúmọ́, kí etí lè máa rìn ní 0.4 mìlímítà lójúmọ́, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lóṣù. Èmi ni mo yan àwọn òǹkà yìí kí wọ́n lè sún mọ́ ohun tí ojú ń rí. A kò wọ̀n wọ́n lára ẹnikẹ́ni.

Mo wá pín awọ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mìlímítà sí ilé 400 lọ́nà 400, ìyẹn ilé 160,000. Ìwọ̀n ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.25 mìlímítà. Kí ìṣirò irú èyí má bàa fọ́ dànù, ìgbésẹ̀ àkókò kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n ilé ìlọ́po ara rẹ̀ tí a pín sí ìlọ́po mẹ́rin D lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 0.156 ọjọ́ níbi tí mo wà yìí. Mo lo 0.05. Nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró ní àdúgbò wa ní Lágere, mo jẹ́ kí ètò náà máa fi ibi tí ó bá dé pamọ́ sínú fáìlì, kí ó lè máa bá a lọ láti ibẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ohun tí ó jáde báyìí rí róbótó. Ní nǹkan bí ogójì ọjọ́ inú àwòṣe, ìyára etí rẹ̀ jẹ́ 0.37, kò tíì pé 0.4. Ìyàtọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé tíọ́rì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: etí tí ó tẹ̀ kọdọrọ máa ń lọ́ra ju etí tí ó tọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ìṣirò kan, Bramson, sì ti fi hàn ní ọdún 1983 pé díẹ̀díẹ̀ ni irú ìgbì yìí fi ń dé ìyára rẹ̀ ní kíkún.

Títí di ibí yìí, awo tí ó kún ni mo ní, kì í ṣe òrùka. Mo wá fi ààbò ara kún un. Ibi tí olu bá wà ni ààbò ti ń dìde, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí olu bá tán, ó sì ń pa olu ní ìwọ̀n tí mo pè ní k. Nígbà tí k jẹ́ 3.6, olu tí ó ṣẹ́kù sí àárín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí awọ lè gbà. Òrùka dúró gedegbe. Nígbà tí ó fẹ̀ dáadáa, òrùka kejì tí kò hàn púpọ̀ tún yọ nínú ti àkọ́kọ́, níbi tí ààbò ti rẹlẹ̀ tí olu tí ó ṣẹ́kù sì tún gbérí. Irú làpálàpá kan wà ní àwọn erékùṣù Pacific àti ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, tí Trichophyton concentricum ń fà, tí ó ní òrùka nínú òrùka. N kò sọ pé ohun kan náà ni, nítorí pé ara àwọn tí ó ń ní irú àrùn yẹn kì í sábà lè bá olu náà jà dáadáa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tẹ̀ lé ọ̀nà náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo dín k kù sí 0.1, bí ẹni pé wọ́n fi ìpara tí ó ní sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tí ó ń rẹ ààbò ara sílẹ̀, sí ojú rẹ̀. Àárín kún padà dé 0.8, òrùka sì parẹ́. Àmọ́ ìyára etí kò yí padà rárá, nítorí pé nínú àwòṣe yìí ààbò kò sí níwájú etí tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí kò bá ohun tí àwọn dókítà ń rí mu, nítorí náà mo fi ààbò díẹ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé kún un, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.05. Ìyára lọ sílẹ̀ láti 0.4 sí nǹkan bí 0.3. Bí ààbò àtilẹ̀wá yìí bá jẹ́ 0.12, olu náà kò tilẹ̀ ní lè tàn. Nígbà tí mo wá dín k kù lórí èyí, nǹkan méjèèjì ṣẹlẹ̀ papọ̀: àárín kún, etí sì tún padà máa sáré.

Mo gbé àwòrán yẹn lọ han ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Èyí ni mò ń rí lára àwọn tí wọ́n ti fi ìpara àpòpọ̀ ra á. Kò ní yún wọn mọ́, wọ́n á ní ó ti lọ, àfi ìgbà tí ó bá gba gbogbo ẹ̀yìn." Láti ọdún 1968 ni ìwé ìṣègùn ti ń fún irú làpálàpá tí sítẹ́rọ́ìdì pa lójú dà yìí ní orúkọ tirẹ̀. Inú bí mi gan-an nígbà tí mo ronú iye irú ìpara bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà fún bíbó ara, tí àwọn ìyá sì ń fi pa ọmọ lára láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdánwò kan sílẹ̀ fún mi tí n kò ronú kàn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi maikirosíkóòpù wá olu náà, etí ni wọ́n ti ń họ èépá, wọn kì í họ ọ́ láàárín, àyàfi lára ẹni tí ó ti lo sítẹ́rọ́ìdì, nítorí pé ibi tí wọ́n bá họ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni olu sábà ń pọ̀ sí. Mo padà sí ilé, mo ní kí ètò náà ka iye olu láti àárín dé etí nínú àwòrán méjèèjì. Nínú èyí tí ààbò rẹ̀ pé, òkè gíga kan wà ní etí, àárín sì rẹlẹ̀. Nínú èkejì, ìlà náà tẹ́jú láti àárín títí dé etí.