Bí Endometriosis Bá Fẹ́ Di Jẹjẹrẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Obìnrin àti Ẹbí Rẹ̀ Ṣe

Nínú endometriosis, ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ a máa hù síbi tí kò yẹ, pàápàá lára ilé ẹyin, a sì máa fa inú rírun líle lásìkò nǹkan oṣù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n kó tó dà á: nínú 100 obìnrin tó ní in, àwọn tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin yóò mú láyé wọn kò pé 2. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Àyípadà ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ìrora tó máa ń bá nǹkan oṣù lọ kò bá lọ mọ́, bí inú bá ń wú, tàbí bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá bá tún ń rí ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ rí dókítà àwọn obìnrin ní ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù. Ẹ má fi agbo ọjà Òkè-Àjẹ́ tàbí ti ọjà Fàlàwọ̀ sún un síwájú, nítorí ìrora lè rọlẹ̀ kí kókó máa dàgbà. Wọn yóò ṣe skáànì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125, tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ilé ẹyin, nìkan kò tó, torí pé endometriosis lásán náà lè gbé e sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin jù ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá gé lára yín, ìbáà jẹ́ kókó kékeré tó hù lójú àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí yín, gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ dájú bóyá jẹjẹrẹ ni, àti irú èyí tó jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹbí gbé e lọ, ẹ rí i pé inú fọ́málììnì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́, ló wà, kì í ṣe inú omi lásán, kí orúkọ aláìsàn sì wà lára ike náà. Mo mọ̀ pé owó àyẹ̀wò yìí a máa dunni lẹ́yìn owó iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tó yẹ ká yọ sílẹ̀. Ẹ gba èsì, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń ṣáájú: wọn a yọ ilé ọmọ, ilé ẹyin méjèèjì àti ọ̀rá tó bo ìfun. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣì ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí bí àrùn náà kò bá kọjá ilé ẹyin kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá ìkejì sí. Lẹ́yìn náà ni oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní carboplatin àti paclitaxel lè tẹ̀ lé e, lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Irú jẹjẹrẹ ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní clear cell a máa ṣe agídí sí oògùn wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ béèrè fún lẹ́tà sí oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ obìnrin ní UCH Ìbàdàn tàbí LUTH Èkó.

Bí wọ́n bá ti yọ ilé ẹyin, tí ooru òjijì tó máa ń mú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá sì dé, ẹ má ra oògùn ẹ́sítírójìn, ìyẹn èròjà tí ilé ẹyin máa ń ṣe, fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ẹ ti ní endometriosis rí.