Láti Àpáta dé Òkè Oníná: Bí Mo Ṣe Ń Di Ẹrù Mi

Àdúgbò Àpáta ni mò ń gbé n'Ìbàdàn, òkúta ni mo sì ń wò jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán ká lè bọ́ sídìí ọ̀rọ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni mò ń tẹ̀lé kiri. Kò sí èyí tó ṣì ń yọ iná ní Nàìjíríà. Àwọn ti Jos àti Biu ti panu mọ́ tipẹ́tipẹ́. Àpáta tó wà lábẹ́ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú wọn, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti jinná, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí iṣẹ́ òkè oníná, àfi kó rìnrìn àjò. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju mítà 4,000 lọ, tí ìlú Buea wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tú iná jáde ní 1999, ó tún tú u ní 2000.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bi mí bí wọ́n ṣe ń múra, bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Tó bá ku oṣù méjì, mo máa ń ra báàgì píọ̀ wọ́tà kan. Ogún ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò 10 nìyẹn. Mo máa ń kó o sínú àpò tí mò ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, màá wá gbé e gun Òkè Ààrẹ dé ìdí ilé gogoro Bower, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ta lo jẹ lówó tó ń fi eléyìí fìyà jẹ ọ́?" Ẹ má pín omi náà fún àwọn ọmọdé tẹ́ ẹ bá dókè o. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, torí ìgbà téèyàn bá ń bọ̀ nílẹ̀ lorúnkún ń jìyà. Lórí òkè gidi, bí omi bá ṣe ń tán lòkúta ń gba àyè rẹ̀.

Aṣọ kù. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà, kẹ́ ẹ wá súwẹ́tà tó nípọn. Ẹni tó ń tà á fún mi rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń lọ. Béèyàn bá gun òkè tó mítà 1,000, òtútù á fi bí ìwọ̀n Celsius 6 lé sí i, nítorí náà, èèyàn tó gbéra nínú ooru á máa gbọ̀n bí ẹni tí ọyẹ́ mú kó tó dé orí. Aṣọ òwú tàbí irun àgùntàn ló dáa. Ẹ má wọ ọ̀rá-ọ̀rá lọ síbi tí ilẹ̀ ti gbóná. Á yọ́ mọ́ yín lára.

Bàtà ni kẹ́ ẹ náwó lé. Ṣé ẹ mọ ìgò fífọ́ tí wọ́n máa ń rì mọ́ orí ògiri kólè má baà fò wọlé? Bí ojú ibi tí iná òkè ti ṣàn kọjá tó sì gan ṣe máa ń rí nìyẹn, kìlómítà lórí kìlómítà. Èyí tí wọ́n rán ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Òòlù káfíńtà náà kò ṣe é lò, torí irin rẹ̀ lè ṣẹ́ fò síni lójú. Ẹ ra òòlù àwọn tó ń fọ́ òkúta fún ìwádìí, kẹ́ ẹ sì wọ awò.

Ní ti ìwé, Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS, nítorí náà ẹ bi àwọn aṣojú ìjọba wọn léèrè kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Láti ọdún 2017 ni ìjà ti wà ní agbègbè Buea yẹn. Bí ará ibẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ má wá, ẹ jókòó sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: ibi tẹ́ ẹ ti fọ́ òkúta gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ nọ́ńbà sí i lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Bakingili, níbi tí iná 1999 ti ṣàn gé ojú ọ̀nà tó ti Limbe lọ sí Idenau, òkúta mẹ́rìnlá ni mo fọ́. Báírò ni mo fi kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé pélébé, mo sì ju ìwé náà sínú ọ̀rá pẹ̀lú òkúta. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Ní Debundscha tí kò jìnnà síbẹ̀, òjò ọdún kan tó mítà 10. Nígbà tí mo fi máa dé Èkó, ìwé ti di ẹ̀kọ, báírò ti ṣí lọ, òkúta mẹ́rìnlá sì dúdú bákan náà bí ọmọ ìyá kan. N kò mọ èyí tó ti etí òkun wá, n kò mọ èyí tó ti òkè wá. Ọ̀kan nínú wọn ni màmá mi fi ń ti ilẹ̀kùn báyìí.

Nítorí náà: ẹ kọ́kọ́ fi òòlù ṣí èèpo ara òkúta tí òjò àti oòrùn ti bà jẹ́, títí tẹ́ ẹ máa fi rí inú tó ń dán. Ẹ mú èyí tó tó ìkúùkù. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹ kọ ọ́ sára ọ̀rá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Pẹ́ńsùlù ni o! Òjò kì í fọ̀ ọ́. Ẹ gbé òòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Gbogbo èyí kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Èéfín ńkọ́? Ẹ̀yìn yín ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí. Èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó ṣì ń kìlọ̀ fúnni. Carbon dioxide ni mò ń bẹ̀rù: kò ní òórùn, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò ló máa ń lọ sùn. Òun ló tú jáde láti inú adágún Nyos, ní Kamẹrúùnù yìí kan náà, lálẹ́ 21 August 1986, tó pa èèyàn tó lé ní 1,700. Ẹ má lóṣòó sínú kòtò láti sinmi. Bí ẹni tó ń ṣamọ̀nà yín bá ní ẹ padà, ẹ má bá a jiyàn. Maurice àti Katia Krafft, tọkọtaya tó ń ṣèwádìí òkè oníná, mọ̀ ọ́n ju èmi àti ẹ̀yin lọ, síbẹ̀ òkè Unzen ní Japan ló pa wọ́n ní 3 June 1991.

Tẹ́ ẹ bá ń padà, inú ẹrù tẹ́ ẹ máa fà lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kó òkúta àti òòlù sí, kẹ́ ẹ mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ yín dání. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé òkúta kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn ẹrù kẹ́ ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, torí òkúta kì í mọ̀wọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan, tèmi fi kílò méjì lé. Mo bọ́ bàtà mi fún ẹni tó ṣamọ̀nà wa, mo sì wọ sílípáàsì dé Ìbàdàn.